Kílò Méje

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọn ẹrù ẹlẹ́rù
ní téṣàn rélùwéè Láfẹ́nwá,
láti ayé pọ́n-ùn títí a fi bọ́ sí ayé kílò.
Èmi ni mo máa ń sọ fún èèyàn pé, "Ó ti pọ̀ jù."
Lónìí, létí bẹ́ẹ̀dì mi ní Ìtokò,
báàgì kékeré kan la ẹnu sílẹ̀, ó ń wò mí.

Ṣíjúadé ti kọ ọ́ ránṣẹ́ láti Kánádà:
"Bàbá, kílò méje péré lẹ lè gbé dání wọ bàálù.
Gígùn rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà márùn-dín-lọ́gọ́ta;
fífẹ̀ rẹ̀, ogójì;
nínípọn rẹ̀, mẹ́tàlélógún.
Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n yọ yín lórí ìlà o."

Mo ké sí Gáníyù télọ̀.
Ó fi téèpù yí báàgì ká bí ẹni fẹ́ dá bùbá fún un,
ó ní táyà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ di gíga.
Mo ní ṣé wọ́n ń ka táyà mọ́ ọn ni?
Ó ní, "Bí wọ́n bá fẹ́ wọn ẹ̀yin náà, Bàbá,
ṣé ẹ máa yọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ ni?"

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Ta ló wá sọ fún Ìyá Kúdírá pé eku tèmi tóbi?
Ó gbé odindi ìgò oyin dé.
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé lafún wá láti Òwu,
àti irú tó wé lọ́nà méje,
tí òórùn rẹ̀ ṣì mọ ojú ọ̀nà.
Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó:
ohun tó bá ń ṣàn kò gbọdọ̀ ju mílílítà ọgọ́rùn-ún,
kò tiẹ̀ kún ife tíì,
inú ọ̀rá tó mọ́ gaara ni wọ́n sì ti fẹ́ rí i.
Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ta ló ní oyin ń ṣàn?
Oyin ń fà ni."

Nígbà tílẹ̀ ṣú, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Sìdíkátù ẹlẹ́ja dídì.
A fi ìkọ́ òṣùwọ̀n rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn.
Ọwọ́ òṣùwọ̀n gbọ̀n, ó sáré kọjá méje,
kò yà ní mẹ́sàn-án,
ó dúró sórí mọ́kànlá.
"Bàbá, ó ti pọ̀ jù."
Ohùn mi gan-an ló fi sọ ọ́.

Ìyá àgbà kan wà nígbà kan,
Òṣogbo ló ń lọ, ẹrù rẹ̀ fi díẹ̀ lé.
Mo ní kó yọ nǹkan sílẹ̀.
Ó jókòó sórí símẹ́ǹtì, ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ń gbé e sókè bí ẹni ń wo ojú ọmọ,
ó sì tún ń dá a padà.
Mo fi gègé kan tábìlì: kíá, màmá, kíá.
Ẹlẹ́rù ní í mọ ibi tó wúwo.
Èmi ò mọ̀.

Mo kó lafún jáde.
Bàtà kejì jáde, Bíbélì ńlá jáde,
irú dúró, díẹ̀.
Agbádá òfì tí mo ká sísàlẹ̀,
màá wọ̀ ọ́ sọ́rùn wọ bàálù;
ohun tó bá wà lọ́rùn èèyàn, wọn kì í wọ̀n ọ́n.
Àpò rẹ̀ náà kò kéré: awò ojú mi,
oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwé àdírẹ́sì Ṣíjúadé.

Ó wá ku àwòrán Àṣàkẹ́ nínú férémù igi àpá.
Mo tú ìṣó ẹ̀yìn rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
mo dá férémù padà sára ògiri lófìfo,
mo fi ìyàwó mi sáàárín ìwé ìrìnnà.

Sìdíkátù tún gbé báàgì kọ́.
"Bàbá, méje ni. Ó kàn fi bíńtín lé."
Bíńtín náà ni mò ń rò bọ̀ wálé.
Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ irú èmi
ni n óò bá nídìí òṣùwọ̀n.